Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Òkun Wa

Ẹ̀yin ará etíkun, láti Badagry dé Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, láti Ayétòrò dé Àwóyè àti gbogbo ìlú Ìlàjẹ tó wà lórí omi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń pè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin, tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ òkun kò kàn yín, ẹ má tíì lọ o. Àwọn ọmọ yín ń bẹ l'Ékòó. Ẹrù tí ẹ ń tà ní Dùgbẹ̀ gba èbúté Àpápá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí òkun bá ya wọ Èkó, kò sí ilé Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ lára.

Òkun ń gòkè. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa dìde fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí á máa wọn òkun wa, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, láìdáwọ́dúró, kí ìwọ̀n náà sì wà ní gbangba tí ọmọ iléèwé àti ọba aládé lè kà á. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n lọ́wọ́ ló lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí wọ́n fetí sí i. Òun ló lè dá dírẹ́jà tó ń fa iyanrìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ dúró. Òun ló lè béèrè odi òkun tí wọ́n ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ tí wọn ò kọ́ títí bàbá fi kú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn onímọ̀ bá ọ̀rọ̀ náà dé. Ní oṣù kẹjọ 2021, IPCC, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wò, tẹ ìwé ńlá kan jáde. Wọ́n ní láàárín 1901 sí 2018, òkun àgbáyé ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i. Ẹlòmíràn lè ní kí ni sẹ̀ǹtímítà 20, tí kò tó gígùn ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ìyára rẹ̀ ni kí ẹ wò. Láti 1901 sí 1971, mílímítà 1.3 ló ń fi gòkè lọ́dún. Láti 2006 sí 2018, ó ti di mílímítà 3.7. Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, wá sọ fún wa pé láàárín 2014 sí 2023, ó ti sún mọ́ mílímítà 4.8. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ péré ti ya ilẹ̀ gbígbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára omi, omi tó gòkè díẹ̀ ń rìn jìnnà wọnú ìlú.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Nítorí pé àwọn kan jókòó, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Charles David Keeling. Ní 1958, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, kó lè mọ bí káábọ́nù dáyọ́kísáìdì ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, ìyẹn èéfín aláìláwọ̀ tó ń jáde látinú epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ayé ń jó. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ìdá mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 ló bá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ní 1964 owó tán, iṣẹ́ náà sì dúró fún oṣù bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n Keeling kò jẹ́ kó kú. Kò jáwọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2005, àwọn mìíràn sì gbà á ṣe. Lónìí ìdá náà ti kọjá 420. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, bí 280 ni. Ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lónìí, ìwé ìwọ̀n ojoojúmọ́ yẹn ni. Bí Keeling bá ti wọ̀n ọ́n lọ́dún kan, tó ní ó tó, kí ni à bá rí sọ?

Èéfín yìí ń há ooru mọ́ ayé lára. WMO ní ọdún 2024 ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé, ó fi bíi digirì 1.55 ju bó ṣe rí ṣáájú ìgbà ẹ̀rọ lọ. Inú òkun ni ooru náà ń lọ jù: nínú gbogbo ooru tó lé lórí ayé, ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí òkun gbé mì. Nǹkan bí 4,000 ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Argo ló ń léfòó káàkiri òkun àgbáyé. Ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á rì lọ sí ìsàlẹ̀ tó tó mítà 2,000, á máa wọn ooru àti iyọ̀ omi bó ti ń padà gòkè, á sì fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Omi tó bá gbóná máa ń wú. Nǹkan bí ìdajì gbogbo bí òkun ṣe gòkè láàárín 1971 sí 2018, wíwú yẹn ló fà á.

Yìnyín ló fa púpọ̀ nínú ìyókù. Báwo ni èèyàn ṣe ń wọn òkìtì yìnyín tó fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè lọ? Ní oṣù kẹta 2002, wọ́n fi sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n sọ ní GRACE ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Ọ̀kan ń tọ èkejì lẹ́yìn, àlàfo bíi kìlómítà 220 sì wà láàárín wọn. Bí ti iwájú bá ti ń sún mọ́ ibi tí nǹkan wúwo wà nílẹ̀, òòfà ibẹ̀ á fà á síwájú díẹ̀, àlàfo á fẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá débẹ̀, òun náà á sáré, àlàfo á tún pa dé. Ẹ̀rọ wọn lè rí ìyípadà tí kò tó fífẹ̀ irun orí kan nínú àlàfo yẹn. Oṣù dé, oṣù lọ, bí wọ́n ṣe ń mọ bí yìnyín Greenland àti Antarctica ṣe ń fúyẹ́ sí i nìyẹn. Nígbà tí GRACE parí iṣẹ́ ní 2017, wọ́n fi méjì mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2018. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kó iṣẹ́ oríṣiríṣi sátẹ́láìtì pọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé láàárín 1992 sí 2020, bílíọ̀nù 7,560 tọ́ọ̀nù yìnyín ló ti kúrò lórí Greenland àti Antarctica. Inú òkun ló wọ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn Antarctica, odò yìnyín kan wà tí wọ́n ń pè ní Thwaites, tó tóbi tó erékùṣù Great Britain. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gba abẹ́ wọlé, ó ń yọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, òkun àgbáyé á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 gòkè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún yìí tàbí ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n láti 2018 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pawọ́ pọ̀ lọ pàgọ́ sí òtútù yẹn láti máa wọ̀n ọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí a kò bá ṣọ́ ló ń já lu èèyàn.

Ohun kan wà nípa yìnyín yìí tó yẹ kí gbogbo ọmọ etíkun mọ̀. Òkìtì tó tóbi bẹ́ẹ̀ ní òòfà tirẹ̀. Ó máa ń fa omi òkun mọ́ra. Bó bá ṣe ń yọ́, òòfà náà ń dín kù, omi tó ti fà mọ́ra á tú sílẹ̀, á gba ibòmíràn lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí yìnyín Greenland bá ń yọ́, òkun ń lọ sílẹ̀ létí Greenland fúnra rẹ̀, ó sì ń gòkè ju ti ìpíndọ́gba lọ ní ọ̀nà jíjìn. Àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì ayé wà lára àwọn tí omi yẹn ń wá bá. Yìnyín tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fojú rí títí ayé ló ń sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa yìí.

Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba àgbáyé kọ́ ló ń wọ ilé èèyàn. Láti 1992 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn ojú òkun láìsinmi, iṣẹ́ ńlá sì ni. Òkun ló ń wò. Kò wo ilẹ̀ tí ilé yín dúró lé. Bí òkun bá fi mílímítà 5 gòkè, tí ilẹ̀ yín náà sì fi mílímítà 5 rì lọ́dún kan náà, omi ti fi mílímítà 10 sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yín, ìwọ̀n òkun láti ojú ọ̀run á sì máa sọ pé 5 ni. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ wa ń rì. Ilẹ̀ etíkun wa kì í ṣe àpáta. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí odò kó wá ni, ó ń ki mọ́ra nínú lọ́hùn-ún. Ní Èkó a tún fi bọ́ọ̀hóòlù fa omi inú ilẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, a kó ilé alájà púpọ̀ lé e lórí, a kó iyanrìn dí ojú ọ̀sà, a tún kọ́lé sórí iyanrìn tí kò tíì dì. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tó lè sọ fún ará Èkó tàbí ará Ìlàjẹ bí òkun ṣe jìnnà sí i tó ni èyí tí wọ́n bá wọ̀n níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyanrìn náà tún wà. Iyanrìn etíkun wa kì í jókòó sójú kan. Ìgbì òkun ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Gánà, kọjá Tógò àti Benin, títí dé Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ọn ti fi ebi pa ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta ńlá sínú òkun lẹ́nu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ òkun lè máa wọlé. Iyanrìn tó ń bọ̀ láti apá Badagry kóra jọ sẹ́yìn òkúta. Bar Beach tó wà ní apá kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ọdún lórí ọdún. Odi ńlá Eko Atlantic, tí wọ́n ṣètò pé kó gùn tó kìlómítà 8.5, ló dojú kọ òkun níbẹ̀ báyìí, àwọn ará Òkun Alfa tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ sì ti ń kígbe látọdún pípẹ́ pé òkun ń kó ilé àwọn lọ. Èbúté Lomé àti ti Kútọnù tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 ṣe bákan náà fún àwọn aládùúgbò wọn. Ìdídò Akosombo ní Gánà, tó parí ní 1965, di iyanrìn odò Volta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìlà-oòrùn Lomé lọ dé Aného, ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ ti bọ́ sómi. Etíkun kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba mẹ́rin ló pín in.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ ìlú náà dó ní etíkun Ìlàjẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo ayé ń wá wò. Àpò kan ni gbogbo wọn ń ná. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n dá iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orí ẹrẹ̀ ni Ayétòrò wà. Etíkun ibẹ̀ kò ní iyanrìn bíi ti Badagry tó lè gba ìjà ìgbì díẹ̀. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, ìgbì kan á gbá a, á yọ́, á bá omi lọ. Òpó igi ló gbé ilé ró, pákó ni ojú ọ̀nà. Bí òkun bá ti jẹ ìdí òpó méjì, pátákó á kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, ilẹ̀ ilé á yà, kí ó tó di ọjọ́ kejì páànù ti wà nínú omi. Ilé gbígbé, ilé ìgbẹ̀bí, ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ló ti bá a lọ. Ẹ bá àgbàlagbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ bi í níbi tí wọ́n bí i sí: àárín òkun ló máa nawọ́ sí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ odi òkun Ayétòrò jáde fún agbaṣẹ́ṣe. Òkun ṣì ń jẹ ìlú náà. Gómìnà dé, gómìnà lọ, aṣòfin wá ya fọ́tò, ó lọ. Nígbà gbogbo tí àwọn àlejò wọ̀nyí bá béèrè pé báwo ni òkun ti wọlé tó, láti ìgbà wo, onírúurú iye ni wọ́n ń gbọ́. Ìwé ìròyìn kan á sọ tirẹ̀, òmíràn á sọ ohun tó yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ òkun tí kò ní ìwọ̀n dà bí ọjà gàrí tí kò ní kóńgò: ẹni tó bá lẹ́nu jù ló ń gbé e lọ. Àwọn ará Ayétòrò ò sì purọ́. Ojú wọn ló rí i. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níwájú àwọn tó ń pín owó àjálù lágbàáyé, ojú tó rí i nílò ìwé tí yóò kín in lẹ́yìn.

Ní Takoradi, ní Gánà, àkọsílẹ̀ gíga òkun ti bẹ̀rẹ̀ láti 1929. Tiwa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, àlàfo sì pọ̀ nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun, NIOMR, ní Victoria Island, tó ní àwọn èbúté, tó ní ẹ̀ka ọmọ ogun ojú omi tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun, kò yẹ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ìdí kankan tí kò fi yẹ kí ẹ̀rọ ìwọ̀n òkun tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru wà ní Badagry, ní ẹnu ọ̀sà Èkó, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ayétòrò, kí ohun tó bá sì ń kà máa hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ tí apẹja lè fi fóònù rẹ̀ wò kó tó wọ ọkọ̀.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ má jókòó. Ẹ wá páìpù irin tàbí igi líle tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tàbí èbúté tí kò mì, níbi tí ìgbì kì í tí gbá jù. Ẹ fi ọ̀dà dúdú àti funfun pín in ní sẹ̀ǹtímítà 10-10, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè kà. Omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Kí ẹni tó ń kà á wo ibi tó gòkè dé àti ibi tó wálẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì mú àárín méjèèjì. Kó kọ ọjọ́, aago, iye tó rí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bóyá òjò ń rọ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, nítorí íńkì á fọ̀ bí omi bá ta sí ìwé. Ẹ má fo ọjọ́ òṣùpá tuntun àti ọjọ́ tí òṣùpá bá yọ kíkún, nítorí ìgbà yẹn ni omi ń kún jù, tó tún ń fà jù.

Ní ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, òpó yóò máa rì pẹ̀lú ẹrẹ̀. Nítorí náà ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ kó so gíga òpó náà mọ́ àmì kọnkéré tó ti fi GPS wọ̀n, kó sì máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Fásitì FUTA ní Àkúrẹ́, OAUSTECH ní Òkìtìpupa àti Yunifásítì Èkó ní àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ wọn nìyí. Ẹ kàn wọ́n lára. Òpó kò lè rọ́pò ẹ̀rọ, torí ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìgòkè mílímítà 4 tàbí 5 lọ́dún tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi tó ń kún tó sì ń fà ní mítà kan lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n òpó á sọ fún yín báyìí ibi tí omi dé lọ́jọ́ tí òkun ya wọ ìlú. Ìlú tó bá ti ní ìwé ọdún méjì lọ́wọ́ kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ mọ́; yóò béèrè rẹ̀ ni.

Èyí tó yá jù ni ìwọ̀n etí ilẹ̀. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun ilé kan tó dúró ṣinṣin, iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti gé sínú omi. Lóṣooṣù, ní ojú kan náà, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí lóṣù tó kọjá. Kò ní pé ọdún kan kí ẹ tó rí iye mítà tí òkun mú lọ. Olùkọ́ jọ́gíráfì, iṣẹ́ yín rèé o. Ẹgbẹ́ apẹja, ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú omi ju gbogbo wa lọ, ẹ yan ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, kí ìwé náà má bàa dúró lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá rìnrìn àjò.

Ìwọ̀n yìí ló máa fún wa lẹ́nu nídìí iyanrìn. Mi ò bá ọkùnrin tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú korobá láti fi gbọ́ bùkátà jà. Àwọn tó ní dírẹ́jà ńlá ni mo ń bá wí, tó ń fa iyanrìn nítòsí etíkun ní òru, tí kò fi ìwé àyẹ̀wò kankan han ará ìlú. Láti 1992 la ti ní òfin pé kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ará ìlú sì láǹfààní láti kà á kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹ lọ béèrè ìwé náà. Igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ di ẹrẹ̀ mú létí omi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e mọ́ torí igi ìdáná tàbí torí pé ẹnì kan fẹ́ ta ilẹ̀. Odi tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló ni òkun. Òótọ́ ni, òun náà ló sì fún wa lójú àti ọwọ́. Àwọn mìíràn á ní àwa kọ́ la fa èéfín yìí. Òótọ́ nìyẹn náà: èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń tú sáfẹ́fẹ́ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì tí a ń fi jóná lásán nínú oko epo wa kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ìdí gan-an tó fi yẹ ká wọ̀n rèé. Ní 2022, níbi ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Íjíbítì, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí àjálù ojú ọjọ́ ti ba nǹkan wọn jẹ́. Ní 2023, ní Dubai, wọ́n gbé e kalẹ̀. Àwọn tó ń bojú tó àpò náà á béèrè ohun tí a pàdánù, ìgbà tí a pàdánù rẹ̀, àti bí a ṣe mọ̀ pé òkun ló mú un. Kí la fẹ́ kó síwájú wọn?

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ ní Woolwich àti Thamesmead. Ẹ rí àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá tó wà lójú odò Thames nítòsí yín yẹn? Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń tì í nígbà tí omi bá fẹ́ ya wọ London, ó sì ti lé ní ìgbà 200 báyìí. Wọn kì í fi àfojúdá tì í. Ìwọ̀n ló ń sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n á tì í. Ní Newlyn nìkan, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1915 ni wọ́n ti ń wọn òkun. Owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń kó jọ fún àríyá ọdún, ẹ yọ nínú rẹ̀, ẹ fi ra ẹ̀rọ kan fún ìlú yín, kí ẹ sì sanwó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè ìbò lọ́wọ́ yín létíkun, ẹ bi í pé ẹ̀rọ ìwọ̀n òkun mélòó ló máa gbé kalẹ̀, níbo, nínú oṣù wo. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ má dúró de ìdìbò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ lẹ́tà sí NIOMR, sí àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté, sí ilé-iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ yín. Ẹ béèrè gbogbo ìwọ̀n gíga òkun tó wà lọ́wọ́ wọn, láti ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti fa iyanrìn nítòsí ìlú yín àti ìwé àyẹ̀wò àyíká tí wọ́n fi gba àṣẹ náà. Ẹ béèrè iye owó tó ti jáde fún odi òkun yín, ọdún tó jáde, àti ibi tí iṣẹ́ dé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú àti olùkọ́ kan buwọ́ lù ú, ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 7 láti ọjọ́ náà. Bí wọn kò bá fèsì, òfin fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde.